A Kì Í Ka Ọmọ fún Ọlọ́mọ

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbè sẹ́yìn obìnrin yìí díẹ̀ kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́. Motúnráyọ̀ Fọláwẹwọ́ kì í ṣe ènìyàn burúkú. Kì í jalè, kì í gba ọkọ ọlọ́kọ, bí ebi bá sì ń pa ọmọ aládùúgbò, á pè é wá jẹun. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni. Ó bá iṣẹ́ dé Sàǹgó-Ọ̀tà nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ ṣì ń fi ọwọ́ ara wọn pe òṣìṣẹ́ wọlé, ó sì rí iṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ bisikíìtì kan lójú ọ̀nà Ìdíròkò, níbi tó ti ń to bisikíìtì sínú páálí láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Afọlábí ọkọ rẹ̀ ń wa tírélà, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń fojú kan ilé. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Olúwayẹ́misí, ìdí nìyẹn tí gbogbo ilé fi ń pè é ní Ìyá Yẹ́misí. Ẹnu nìkan ni Ọlọ́run bù fún un ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Tirẹ̀ kò tilẹ̀ bá ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀, ti ẹlòmíràn ló bá.

Ilé tí wọ́n ń gbé wà lẹ́yìn ìdíkọ̀ Sàǹgó, yàrá márùn-ún kọjú sí yàrá márùn-ún, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan sì wà láàárín wọn. Bàbá Ògúntóyè ló ni ín, ọmọ bíbí Ọ̀tà tí bàbá rẹ̀ ti dáko sórí ilẹ̀ yẹn kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó ń jẹ́ ilé iṣẹ́. Bàbá náà ní tẹlifíṣọ̀n kan, èyí tí kò ní ju dúdú àti funfun lọ, tó ti rà nígbà tí owó ṣì jẹ́ owó. Lálaalẹ́ Ọjọ́bọ̀, ní kété tí wọ́n bá kírun Mọ́gàríbì tán, á gbé e jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á sì na wáyà rẹ̀ wọ yàrá. Kálukú á gbé àpótí tirẹ̀ wá. Bí iná bá wà, ayọ̀ dé. Bí iná bá lọ, ẹ ó gbọ́ èpè.

Ọdún Sáàpù ni. Ẹni tó bá ti gbọ́njú nígbà yẹn kò nílò àlàyé lẹ́nu mi. A ń gé ọṣẹ ìfọṣọ sí mẹ́ta. Búrẹ́dì di oúnjẹ aláìsàn. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń fọn fèrè lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ wá ń fọn ọ́n lẹ́ẹ̀kan, àwọn mìíràn ò tilẹ̀ fọn ọ́n mọ́. Ọkùnrin tó ti ń gbowó oṣù láti ọdún méje á dé ẹnu géètì, wọ́n á ní kó padà sílé. Nítorí náà, bí Ọjọ́bọ̀ bá dé, kì í ṣe eré lásán ni àwọn ènìyàn ń wò. Wọ́n ń fi wákàtí kan gbàgbé ara wọn ni.

Eré náà ń jẹ́ Agboolé Ọlọ́dàn. Ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é, àwọn tó wà nínú rẹ̀ sì pọ̀ débi pé ẹni tó bá pàdánù ọ̀sẹ̀ méjì á máa béèrè pé ta nìyẹn, ta nìyí. Ibẹ̀ ni Motúnráyọ̀ ti jẹ oyè. Ìyá rẹ̀ àgbà ní Ìsẹ́yìn kì í pa ìkómọ kankan jẹ ní àdúgbò, ó sì ti kọ́ ọ láti kékeré pé ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Motúnráyọ̀ wá yí ọ̀rọ̀ náà po, ó ní bó bá jẹ́ pé ilé ni wọ́n wò kí wọ́n tó sọ ọ́, a jẹ́ pé ẹni tó bá gbọ́ orúkọ náà lè jókòó síbi tó wà kó sì rí inú ilé ọ̀hún. Ó dùn létí, àbí? Ó dùn létí gbogbo wọn pẹ̀lú.

Ti Babátúndé ló kọ́kọ́ sọ ọ́ di gbajúmọ̀. Nínú eré náà, bàbá arúgbó kan ti ìdálẹ̀ dé, ó ní òun ni bàbá tó bí bàbá Babátúndé, wọ́n sì ń gún iyán fún un, wọ́n ń fẹ́ fi oko lé e lọ́wọ́. Motúnráyọ̀ pariwo láti orí àpótí rẹ̀: "Ẹ̀yin wèrè wọ̀nyí! Ọmọ ń jẹ́ Babátúndé, bàbá-bàbá rẹ̀ ti kú kí wọ́n tó bí i! Òkú wo ló wá ń jẹ iyán yẹn?" Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, wọ́n mú arúgbó náà nínú eré, gbájúẹ̀ ni. Ha! Nùrẹ́nì tó ń ṣe télọ̀ ní yàrá iwájú fò sókè, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Motúnráyọ̀. "Ìyá Yẹ́misí, Atúmọ̀-orúkọ!" Láti ọjọ́ náà ni orúkọ yẹn ti mọ́ ọn lórí. Ní ilé iṣẹ́ pàápàá, bí ilẹ̀ Jímọ̀ bá ti mọ́, àwọn tó ń to páálí á yí i ká: "Ẹ bá wa tú ti àná." Ọjọ́ kan wà tó sọ pé Oyèwùmí ni yóò joyè nítorí orúkọ rẹ̀, Oyèwùmí sì kú lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rántí ìyẹn. Bí ènìyàn ṣe rí nìyẹn.

Yàrá tó kọjú sí ti Motúnráyọ̀ ni Sìkírátù àti ọkọ rẹ̀ Múdàṣírù ń gbé. Ọmọ Àtàn-Ọ̀tà ni Sìkírátù, onídìrí ni. Abẹ́ igi fúrúùtù iwájú ilé ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, àpótí méjì àti òòyà onígi kan. Ọwọ́ rẹ̀ rọ̀, kì í fa irun tipátipá, bó bá sì di Sátidé, á fi itan há orí Motúnráyọ̀, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ Agboolé Ọlọ́dàn títí irun á fi parí. Ìkìrun ni Múdàṣírù ti wá. Ilé iṣẹ́ irin tó ti ń ṣiṣẹ́ ti dá a dúró láti inú oṣù kejì ọdún yẹn, òwò irun ìyàwó rẹ̀ ló sì ń bọ́ ilé. Ọkùnrin tí nǹkan bá rí bẹ́ẹ̀ fún, ẹ mọ̀ pé ara rẹ̀ kì í gba àwàdà púpọ̀. Ọdún kẹrin nìyẹn tó fẹ́ Sìkírátù. Ọmọdébìnrin kan ni Sìkírátù gbé wá sílé ọkọ, tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ nígbà náà, Àlàbá lórúkọ rẹ̀. Múdàṣírù fẹ́ràn ọmọ náà bí ojú. Àmọ́ Sìkírátù kò tíì bí ọmọ kankan fún un.

Ẹ wá gbọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Nínú eré náà, ọlọ́lá kan fẹ́ fẹ́ arẹwà ọmọge kan tó ń jẹ́ Ìdòwú fún ọmọkùnrin rẹ̀. Ìyá Ìdòwú ń fi ọmọ náà yangàn káàkiri: ọmọ kan ṣoṣo òun, ẹyọ góòlù òun. Àwọn ẹbí ọkọ ní àwọn gbọ́ pé ó ní àwọn ọmọ mìíràn níbìkan, ó ń fi wọ́n pamọ́. Ní Ọjọ́bọ̀ tí mò ń wí yìí, ìyá náà kúnlẹ̀ sáàárín agbo, ó ṣí orí sílẹ̀, ó búra pé yàtọ̀ sí Ìdòwú, òun kò bímọ mìíràn láyé. Ó sunkún tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn obìnrin ọ̀dẹ̀dẹ̀ fi ń nu ojú.

"Irọ́ gbuu!" ni Motúnráyọ̀ wí. "Ẹ máa sunkún fún òpùrọ́. Ta ló ń jẹ́ Ìdòwú láìjẹ́ pé ìbejì ti ṣíwájú rẹ̀? Ìbejì wà níbìkan tí obìnrin yìí kó wọn pamọ́ sí."

Nùrẹ́nì ní, "Ìyá Yẹ́misí, ó lè jẹ́ pé ẹnu wọn lásán ló ń pè é bẹ́ẹ̀."

Ohun tó ti í gan-an nìyẹn. Ẹ má jiyàn pẹ̀lú ẹni tí ìyìn ti ń pa bí ọtí. Motúnráyọ̀ dìde lórí àpótí, ó nawọ́ sí Àlàbá tó jókòó sórí ẹsẹ̀ Múdàṣírù.

"Orúkọ kì í purọ́! Ẹ wo ọmọ tó jókòó síbí yìí. Àlàbá lórúkọ rẹ̀. Kí Àlàbá tó dé, Táíwò ti dé, Kẹ́hìndé ti dé, Ìdòwú ti dé. Ìyá Àlàbá, ìwọ náà yáa jẹ́wọ́, níbo lo kó tìẹ sí?"

Àwàdà ni. Mo ní àwàdà ni. Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, òun náà sì ń rẹ́rìn-ín, kó tó wo ojú Sìkírátù. Sìkírátù kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ilẹ̀ bí ẹni tí nǹkan já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Múdàṣírù gbé ọwọ́ kékeré Àlàbá sókè, ó ń ká ìka ọmọ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. "Táíwò. Kẹ́hìndé. Ìdòwú. Àlàbá." Ó ní, "Mẹ́rin." Ohùn rẹ̀ kò le rárá. Ọmọ náà rò pé eré ni wọ́n ń bá òun ṣe, ó na ìka karùn-ún sí i.

Ìyá Yẹ́misí kò sùn dáadáa. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé àárọ̀ ni òun máa lọ bẹ Sìkírátù. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ní ó di Sátidé, nígbà tó bá ń di irun fún òun. Sátidé dé, Sìkírátù ní orí ń fọ́ òun, òun ò dì. Ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ tí a kò sọ lọ́jọ́ kìíní, ojoojúmọ́ ló ń wúwo sí i.

Ọjọ́bọ̀ mìíràn dé. Ẹ̀yin náà ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìlẹ̀kùn ṣí nínú Agboolé Ọlọ́dàn, àwọn géńdé méjì tí ojú wọn jọra wọlé, wọ́n pe obìnrin tó búra yẹn ní ìyá wọn. Ariwo tó sọ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, wọ́n gbọ́ ọ dé ìdíkọ̀. Wọ́n gbé Motúnráyọ̀ sókè. Láti orí èjìká àwọn ènìyàn ló ti rí Múdàṣírù tó gbé Àlàbá kúrò lẹ́sẹ̀, tó dìde jẹ́ẹ́, tó sì wọ yàrá lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Motúnráyọ̀ ń múra ibi iṣẹ́, ó ti ki ẹsẹ̀ kan bọ bàtà, nígbà tó gbọ́ ohùn Múdàṣírù láti òdìkejì.

"Ọmọ mẹ́rin lo bí fún ẹlòmíràn. Ọdún mẹ́rin rèé, o ò fún mi ní ẹyọ kan. Kí lo ṣe fún inú yẹn kó o tó wọlé mi?"

"Mo fi Kùránì búra," ni Sìkírátù wí, "mi ò bí Táíwò, mi ò bí Kẹ́hìndé, mi ò bí Ìdòwú kankan."

"Obìnrin àná náà búra. Ó kúnlẹ̀ pàápàá. Ṣé o ò rí i ni?"

"Bàbá Àlàbá, tẹlifíṣọ̀n nìyẹn!"

"Ó dáa. Jẹ́ kí n bi ọ́ ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Níbo lo ti rí orúkọ Àlàbá?"

Sìkírátù dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ ìgbà yẹn gan-an ni ẹ ó bá mi bi Motúnráyọ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ sílẹ̀, ẹnikẹ́ni lè ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Àmọ́ láàárọ̀ Jímọ̀ yẹn, aṣọ ìkélé nìkan ló wà láàárín rẹ̀ àti àwọn méjèèjì. Bó bá jáde, tó kúnlẹ̀, tó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Àlàbá, ẹnu mi ló yọ̀, ẹ má fìyà jẹ ẹ́ nítorí tèmi," ta ló mọ̀? Kò jáde. Ó ní òun ti ń pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Ó ní ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni. Ní inú rẹ̀ lọ́hùn-ún, ó tilẹ̀ ń rò pé, kí ló dé tí Sìkírátù fi dákẹ́? Ó ki ẹsẹ̀ kejì bọ bàtà, ó gba ẹ̀yìnkùlé jáde.

Nígbà tó padà dé ní ìrọ̀lẹ́, Sìkírátù ti lọ. Ó ti kó ẹrù àti ọmọ, ó ti wọkọ̀ Àtàn. Òòyà onígi náà nìkan ló ṣẹ́kù lábẹ́ igi fúrúùtù. Motúnráyọ̀ mú un, ó fi pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí.

Ẹ wá wo ìyà. Kò sẹ́ni tó bá a wí! Ó ń dúró kí wọ́n bá òun wí, wọ́n ń yìn ín. Nùrẹ́nì ní, "Ìyá Yẹ́misí, ẹ̀yin lẹ tú àṣírí obìnrin yẹn. Ẹ wò ó bó ṣe ń rìn jẹ́jẹ́, ọmọ mẹ́ta ló fi pamọ́!" Àwọn obìnrin ní ọkùnrin burúkú kọ́ ni Múdàṣírù, wọ́n rẹ́ ẹ jẹ ni. Múdàṣírù fúnra rẹ̀ wá bá a lójú kànga, ojú rẹ̀ ti wọ inú. Ó wólẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ìyá Yẹ́misí, ẹ ṣeun. Ẹ̀yin lẹ là mí lójú." Motúnráyọ̀ gbé omi rẹ̀ lọ.

Bàbá Ògúntóyè nìkan ni kò yìn ín. Ó pè é wọ yàrá, ó ní kó jókòó.

"Ìyá Yẹ́misí, ṣé o rò pé ìwọ nìkan lo létí nínú ilé yìí ni?"

"Rárá, Bàbá."

"Ọdún kẹrin rèé tí à ń pe ọmọ yẹn ní Àlàbá. Gbogbo wa la mọ ohun tó ń ṣíwájú Àlàbá. A wò ó, a ò rí ìbejì, a ò rí Ìdòwú. Kí la sọ? A ní Ọlọ́run á tu ìyá rẹ̀ nínú, a sì pa ẹnu dé. Nínú tẹlifíṣọ̀n mi, ka ọmọ ẹni tó wù ọ́, wọ́n ń san owó fún àwọn yẹn kí wọ́n tó máa bímọ. Ṣùgbọ́n èèyàn ẹlẹ́ran ara? A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ."

Ojú tì í bí ẹni pé wọ́n bọ́ ọ láṣọ. Ó ti mọ ọ̀rọ̀ yẹn láti kékeré. Ìyá àgbà kan náà tó kọ́ ọ ní orúkọ ló kọ́ ọ.

Sátidé kẹta ló tó lè lọ bá Sìkírátù. Ó di òòyà náà mọ́ ìgbáròkó, ó wọkọ̀ láti Sàǹgó, ó gba inú Ọ̀tà kọjá, ó sọ̀ ní Àtàn, ó béèrè ilé ìyá Sìkírátù onídìrí. Ó bá a lẹ́yìnkùlé, ó ń ṣa ẹ̀gúsí. Motúnráyọ̀ kúnlẹ̀ sórí iyanrìn. Obìnrin tó fi ọdún mẹ́jọ jù ú lọ kúnlẹ̀ fún un.

"Ẹ dìde, Ìyá Yẹ́misí. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi."

"N kò ní dìde. Mo ti bà ọ́ nílé jẹ́."

Sìkírátù wò ó títí. Ó rí òòyà ní ìgbáròkó rẹ̀, ó rí orí rẹ̀ tí kò dì láti ọjọ́ yẹn. Ó ní, "Ẹ wo bí orí yín ṣe rí wúruwùru. Ẹ jókòó." Ó fi itan há a bíi tàtijọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yà á. Ẹ̀yìn orí rẹ̀ ló ti ń sọ̀rọ̀, Motúnráyọ̀ kò rí ojú rẹ̀.

"Òótọ́ lẹ sọ. Táíwò wà, Kẹ́hìndé wà, Ìdòwú náà wà. Wọ́n wà ní Ìtẹ̀lé lọ́dọ̀ bàbá wọn. Àmọ́ èmi kọ́ ni mo bí wọn, èmi kọ́ ni mo bí Àlàbá. Ẹ̀gbọ́n mi Àdìzát ló bí wọn. Ọjọ́ tó bí Àlàbá ló kú. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, 'Sìkírá, má jẹ́ kí ọmọ yìí mọ̀ pé òun ò ní ìyá.' Mo ṣèlérí fún un. Ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ ni nígbà tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ lórí ẹsẹ̀ mi."

"Kí ló dé tó ò pa orúkọ náà dà?"

"Orúkọ tó gbé wá láti ọ̀run! Òun nìkan ni ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Ṣé kí n tún gba ìyẹn náà ni?"

Motúnráyọ̀ bú sẹ́kún. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ búra pé òun kò bí ìbejì, òótọ́ ni. Ó dákẹ́ lórí orúkọ, nítorí ọmọ ló ṣe dákẹ́.

"Jẹ́ kí n lọ sọ fún Múdàṣírù," ni ó wí. "Lónìí yìí. Á wá bẹ̀ ọ́."

Ọwọ́ Sìkírátù dúró. "Ẹ ò gbọdọ̀ sọ ọ́. Ọkọ mi kì í ṣe èèyàn burúkú, ṣùgbọ́n bí inú bá bí i, kò sí ohun tí kì í jáde lẹ́nu rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ọmọ á fọ́ abọ́, á pè é ní ọmọ òrukàn. Àti pé, Ìyá Yẹ́misí, èmi náà ò tíì bímọ rí. Bí ẹ bá gba Àlàbá kúrò lọ́rùn mi, kí ni wọ́n á máa pè mí nínú ilé yẹn? Mo lè fi ọkọ sílẹ̀. Ẹ bá mi pa ẹnu dé, ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ yín kò jù bẹ́ẹ̀."

Motúnráyọ̀ búra fún un. Àbí kí ló tún kù tó lè ṣe?

Ibi tí wọ́n dé nìyẹn tí Àlàbá fi ti ilé kéwú dé, wàláà lábẹ́ apá. Nígbà tó rí Motúnráyọ̀, ó sáré, ó kúnlẹ̀, ó béèrè Yẹ́misí, ó béèrè Bọ̀dá Nùrẹ́nì. Lẹ́yìn náà ló jókòó ti orúnkún rẹ̀, ó sọ ohùn rẹ̀ kalẹ̀.

"Ìyá Yẹ́misí, ẹ̀yin lẹ sọ pé mo ní Táíwò, mo ní Kẹ́hìndé, mo ní Ìdòwú. Mo bi màmá mi, wọn ò dá mi lóhùn. Níbo ni wọ́n wà? Mo fẹ́ lọ bá wọn ṣeré."

Motúnráyọ̀ rí i pé inú ọmọ náà ń dùn. Láti ọjọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, nígbà tí ilé ń tú ká lórí wọn, ọmọ náà ń retí ẹ̀gbọ́n mẹ́ta. Òòyà tún dúró nínú irun Motúnráyọ̀.

"Àlàbá, mo purọ́ ni," ló wí. "Kò sí ẹni kankan níbìkan. Ìwọ nìkan ni màmá rẹ bí. Mo kàn ń fi yín ṣeré ni."

"Ṣùgbọ́n ẹ ní orúkọ kì í purọ́."

"Ó máa ń purọ́ nígbà mìíràn. Èmi náà purọ́."

Ojú ọmọ náà rọ̀ wálẹ̀. Ó fi ìka fa ìlà lórí wàláà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé orí sókè, ojú rẹ̀ tún là.

"Tó bá jẹ́ pé irọ́ lẹ pa, ẹ lọ sọ fún bàbá mi. Bẹ́ ẹ bá ti sọ fún wọn, wọ́n á wá mú wa lọ sílé."

Sìkírátù tún bẹ̀rẹ̀ sí í dirun.

Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ eré, Motúnráyọ̀ lọ dúró síwájú tẹlifíṣọ̀n, ó dí gbogbo wọn lójú. Ó ní kí wọ́n gbọ́ òun: ọ̀rọ̀ tí òun sọ sí Ìyá Àlàbá, irọ́ ni. Òun ò mọ nǹkan kan. Àwọn orúkọ inú eré yẹn, òun kàn ń méfò ni. Sìkírátù kò fi ọmọ kankan pamọ́, òun fi Yẹ́misí búra. Ó kọjú sí Múdàṣírù, ó kúnlẹ̀ lójú gbogbo ilé, ó ní, "Ẹ lọ mú ìyàwó yín wálé, ẹ jọ̀ọ́. Èmi ni mo purọ́."

Nùrẹ́nì rẹ́rìn-ín sínú ọwọ́ rẹ̀. Obìnrin kan ní, "Ó ti lọ sí Àtàn, wọ́n ti bẹ̀ ẹ́ níbẹ̀." Ẹ ò rí i? Wọn ò gbà á gbọ́. Òkú tó ń jẹ iyán, ó sọ ọ́, ó rí bẹ́ẹ̀. Ìbejì, ó sọ ọ́, ó rí bẹ́ẹ̀. Ìgbà tó wá ń purọ́ láti tún ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe, òótọ́ àtijọ́ ló dí i lọ́nà.

Múdàṣírù fà á dìde. Kò bínú sí i, ìyẹn ló burú jù. "Ìyá Yẹ́misí," ló wí, "inú rere ń pa yín ni. Orúkọ kì í purọ́. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa." Ó ní kí ó jọ̀ọ́ kúrò níwájú, eré ti bẹ̀rẹ̀.

Bàbá Ògúntóyè wò ó láti orí àga rẹ̀. Motúnráyọ̀ gbé àpótí rẹ̀, ó wọlé. Láti ọjọ́ náà kò wo Agboolé Ọlọ́dàn mọ́. Bí wọ́n bá bi í nípa orúkọ ní ilé iṣẹ́, á ní òun kò mọ̀, á máa to bisikíìtì rẹ̀ lọ. Múdàṣírù fẹ́ ìyàwó mìíràn nígbà tí òjò tún bẹ̀rẹ̀, orúkọ obìnrin náà kò kàn mí.

Sátidé kan lóṣù, Motúnráyọ̀ máa ń lọ sí Àtàn lọ dirun. Àlàbá ló máa ń kọ́kọ́ rí i láti ẹnu ọ̀nà. Á sáré pàdé rẹ̀, á kúnlẹ̀ kí i, á gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà á na ọrùn, á wo ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán títí dé ibi tí ọkọ̀ ti ń já èrò, bóyá ẹnì kan ń bọ̀.